Bí Òrìṣà Ìlú Méjì Ṣe Ń Wọnú Ara Wọn: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Dá Ayé Tuntun Sílẹ̀ Nínú Ìtàn

Ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn fáńtásì ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mú bébà, wọ́n á to òrìṣà méjìlá sílẹ̀, wọ́n á sì pín iṣẹ́ fún wọn bí gómìnà tó ń yan kọmíṣọ́nnà. Èyí gba àrá, èyí gba òkun, èyí gba ogun, èyí gba ìfẹ́. Kò sí méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sí èyí tó ti ìlú mìíràn wá, kò sí èyí tí abúlé kan ń pè ní obìnrin tí abúlé kejì sì ń búra pé ọkùnrin ni. Ó mọ́ tónítóní, kò sì jọ ẹ̀sìn kankan tí ọmọ aráyé ti ṣe rí.

Àwọn àgbà ní bí èèyàn ò sí, òrìṣà ò sí. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yín lé. Òrìṣà méjì kì í dédé dàpọ̀. Àwọn tó ń bọ wọ́n ló pàdé, lọ́jà, lójú ogun, nínú ilé ọkọ, nínú ọkọ̀ ẹrú. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ni àwọn ọmọ wọn wá ń sọ bí ẹni pé àárín àwọn òrìṣà ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí òrìṣà ayé àfinúdá rẹ̀ ní ìtàn, èèyàn ni kó kọ́kọ́ tò.

Màá máa mú àpẹẹrẹ láti inú ìtàn gidi, màá sì máa kọ́ ayé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ìran méjì ló wà nínú ayé kékeré yìí. Àwọn Ẹ̀bútè ń pẹja létí odò ńlá kan, Ìyá Ọ̀gbun ni wọ́n ń bọ. Àwọn Òkìtì ń yọ́ irin lórí òkè, Aláàrò ni tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: irú ìpàdé wo ni?

Ogun, ìgbéyàwó, òwò, oko ẹrú, ọ̀dá, àjàkálẹ̀ àrùn: irú àdàpọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bí yàtọ̀ síra. Ẹ mú ọ̀kan, kó má ju méjì lọ, kí ẹ tó kọ orúkọ òrìṣà kankan sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ogun, aṣẹ́gun kì í sábà pa òrìṣà ẹni tó ṣẹ́gun, torí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ní Tenochtitlan, olú ìlú àwọn Aztec ní ilẹ̀ tó di Mẹ́síkò lónìí, ilé kan wà tí wọ́n ń kó ère òrìṣà àwọn ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun sí. Ìgbèkùn làwọn ère náà wà, síbẹ̀ wọn ò dà wọ́n nù. Ẹ tún wo orí tẹ́ńpìlì ńlá ìlú náà: ojúbọ méjì ló wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti Huitzilopochtli, òrìṣà ogun tí àwọn Aztec gbé wá láti ọ̀nà jíjìn. Èkejì jẹ́ ti Tlaloc, olójò, tí wọ́n ti ń bọ ní agbègbè náà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó dé. Ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ ṣì ní láti bẹ ẹni tó ni òjò.

Ìgbéyàwó rọ̀ ju ìyẹn lọ. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá ṣáájú ìbí Jésù, Hattusili Kẹta, ọba Hatti ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, fẹ́ Puduhepa, ọmọ àwòrò láti Kizzuwatna. Àdúrà tí ayaba yìí gbà ṣì wà lára wàláà amọ̀ títí dòní. Ó sọ fún òrìṣà oòrùn ìlú Arinna pé ní Hatti, òrìṣà oòrùn Arinna ni wọ́n ń pè ọ́, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ igi kédárì, Hebat ni ìwọ ń jẹ́. Ó gbé òrìṣà ilé baba rẹ̀ wọ ilé ọkọ láì bá ẹnikẹ́ni jà.

Ìbẹ̀rù náà ń mú òrìṣà rìnrìn àjò. Ní ọdún 204 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí Hannibal, ọ̀gágun Carthage tó ń bá Róòmù jagun, ṣì wà ní ilẹ̀ Ítálì pẹ̀lú ọmọ ogun rẹ̀, àwọn ará Róòmù ránṣẹ́ lọ gbé òkúta dúdú òrìṣà obìnrin tó ń jẹ́ Cybele wá láti Éṣíà Kékeré, nítorí ìwé àṣírí wọn ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tí wọ́n wá rí i pé ńṣe ni àwọn àwòrò rẹ̀ ń tẹ ara wọn lọ́dàá, wọ́n ṣòfin pé ọmọ Róòmù kankan kò gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́ wọn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá fún ìtàn yín: a fẹ́ agbára òrìṣà àlejò, a ò fẹ́ ìṣe rẹ̀.

Nínú ayé kékeré tiwa, mo yan òwò. Igi tán lórí òkè. Àwọn Òkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá sun èédú nínú igbó etí odò, àwọn Ẹ̀bútè sì nílò ìwọ̀ àti àáké. Ẹnikẹ́ni ò yọ idà. Èyí ti sọ fún wa pé kò sí òrìṣà tí wọ́n máa dè mọ́lẹ̀. Ìjà tó máa wà á jẹ́ ti owó, àti ti ta ló yẹ kó kí ta.

Ìgbésẹ̀ kejì: kí wọ́n tó pàdé

Fún òrìṣà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tó ń gbé, iṣẹ́ tó ń ṣe, oúnjẹ rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, èèwọ̀ rẹ̀, àti ẹni tó láṣẹ láti bọ ọ́. Ti ìkẹyìn yẹn ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń gbàgbé, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Òrìṣà tó wà lọ́wọ́ ìdílé kan ṣoṣo máa ń kú bí ìdílé náà bá tú ká. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ń tẹ̀ lé iṣẹ́ náà dé ibi gbogbo. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọba, ọ̀nà tí ìlàrí àti ajẹ́lẹ̀ bá gbà ló ń gbà. Bí Ṣàngó ṣe bá Ọ̀yọ́ tàn kálẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ó mọ́ jù. Àwa fúnra wa, Ọ̀ràǹfẹ̀ ni àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ń pe òrìṣà àrá tiwọn, bẹ́ẹ̀ Ṣàngó wà ní Ọ̀yọ́. Òrìṣà àrá méjì ní ilẹ̀ kan náà, kò sì sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí a lé ọ̀kan kúrò. Ẹrinlẹ̀ ní Ìlobùú, Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, Ọlọ́sunta ní Ìkẹ́rẹ́: òrìṣà ìlú ni wọ́n, wọ́n mọ àwọn èèyàn wọn lójúkojú. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ràn kí òǹkọ̀wé kó gbogbo wọn jọ sínú àtẹ kan. Àtẹ yẹn, ìgbà tí ayé bá dàrú ló máa ń wáyé, a ó sì dé ibẹ̀.

Ìyá Ọ̀gbun: ó ń gbé ibi tí odò ti jìn jù, ó ń fúnni lẹ́ja, ó ń gba òkú tó rì, àwọn obìnrin tó ń sá ẹja ló ń bọ ọ́, kò sì fẹ́ iná lórí omi. Aláàrò: ó ń gbé inú ìléru, ó ń sọ òkúta di irin, àwọn alágbẹ̀dẹ nìkan ló ń bọ ọ́, obìnrin kì í wọ ilé àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Ẹ rí i pé wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó sọ nǹkan kan. Obìnrin ló ni ọ̀kan, obìnrin kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ohun tí ojú rí

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí. Bí èèyàn lásán bá ń so òrìṣà tirẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, kì í wo ipò wọn lọ́run, kì í sì í wo akọ tàbí abo. Àwọ̀ aṣọ, ohun tó wà lọ́wọ́, ẹranko tó dúró tì í, irú ikú tó ń pa ni, ohun tó ń wò nìyẹn.

Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún nígbà tí Ọ̀yọ́ ń tú ká, bá àwòrán àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì níbẹ̀. Wọ́n rí Barbara mímọ́: aṣọ pupa, idà lọ́wọ́. Ìtàn rẹ̀ sì ni pé baba rẹ̀ tó bẹ́ ẹ lórí, àrá ló sán pa á. Wọ́n ní Ṣàngó nìyí. Ọkùnrin ni Ṣàngó, ọba ni, akọ nínú akọ. Ìyẹn ò dá ẹnikẹ́ni dúró. Títí dòní, ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣe ọdún àwọn méjèèjì. Wọ́n rí Lásárù tó fi ọ̀pá ìtìlẹ́yìn rìn, tí egbò bo ara rẹ̀, tí ajá ń lá a. Ọbalúayé ni, wọ́n ń pè é ní Babalú Ayé, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yẹn kan náà sì ni èrò ń wọ́ lọ sí El Rincón lẹ́bàá Havana, tí àwọn kan ń rákò dé ibẹ̀ láti san ẹ̀jẹ́.

Ẹ wá wo Bràsíìlì. Àwọn èèyàn kan náà, òrìṣà kan náà, ìjọ kan náà. Ní Bahia, Barbara kò bọ́ sọ́wọ́ Ṣàngó. Ọya ló gbà á, ìyẹn Iansã. Jerome mímọ́ tí kìnnìún ń bá rìn ni wọ́n fún Ṣàngó. Ògún nínú Bahia jẹ́ Antonio mímọ́, ẹni tí àwọn Potogí fún ní oyè ológun lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní Rio, Ògún yìí kan náà di George tó gun ẹṣin, tó ń fi ọ̀kọ̀ gún dírágónì. Ní Bahia, George ti ní ẹni tó gbà á: Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni. Kúbà ní tirẹ̀ wo kọ́kọ́rọ́ irin ọwọ́ Peter, ó ní Ògún nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún òǹkọ̀wé tóbi. Bí ìlú mẹ́ta nínú ìwé yín bá gba òrìṣà àjèjì kan, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì so ó mọ́ òrìṣà ilé kan náà fún ìdí kan náà, ẹ ti jẹ́ kó mọ́ jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí arìnrìn-àjò láti ìlú kan dé èkejì, kó kúnlẹ̀ níwájú ère tó rò pé ó mọ̀, kí gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Ìsopọ̀ tiwa wà nínú iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀. Irin tó pọ́n nínú iná ni alágbẹ̀dẹ ń tì bọ omi kó lè le. Ó ń pariwo *ṣìììì*, oru ń gòkè. Lórí òkè, omi inú agbada lásán ni. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, omi Ìyá Ọ̀gbun ni wọ́n ń ti irin bọ̀, àwọn obìnrin tó ń sá ẹja nítòsí sì gbọ́ ariwo náà. Wọ́n ní, "Ó ń bá a sọ̀rọ̀." Gbogbo ẹ̀sìn tó kù láti ibẹ̀ lọ, inú gbólóhùn yẹn ló ti jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ta ló ń pàṣẹ, kí ló sì ń fẹ́?

Oríṣiríṣi ni àdàpọ̀, agbára ló sì ń pinnu èyí tó máa dúró. Nígbà míràn, wọ́n á kàn so orúkọ méjì pọ̀. Nígbà tí àwọn ọba Thebes lé àwọn Hyksos, àjèjì tó ti jọba níbẹ̀, jáde ní Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Jésù, Amun tó jẹ́ òrìṣà ìlú wọn ni wọ́n so mọ́ Ra, òrìṣà oòrùn tí gbogbo ilẹ̀ náà ti mọ̀ tipẹ́. Amun-Ra jáde. Òrìṣà ìlú kan di ti ìjọba, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé wọ́n lé ti àtijọ́ lọ.

Nígbà míràn, ọba á dìídì ṣe òrìṣà tuntun. Ptolemy Kìíní, ọ̀gágun Alexander tó di ọba Íjíbítì, nílò ẹni tí àwọn Gíríìkì tó bá a wá lè bọ láì tijú. Màlúù mímọ́ Apis tó bá kú ní Memphis, wọ́n ti ń so ó pọ̀ mọ́ Osiris, òrìṣà àwọn òkú. Wọ́n mú orúkọ yẹn, wọ́n fún un ní ojú Gíríìkì àti irùngbọ̀n, wọ́n gbé òṣùwọ̀n ọkà lé e lórí: Serapis. Ó tàn ká gbogbo etí òkun Mẹditaréníà. Àwọn ará oko Íjíbítì? Osiris àti Apis wọn ni wọ́n ń bá lọ. Bí ọba inú ìwé yín bá ṣe òrìṣà nínú ìgbìmọ̀, ẹ jẹ́ kí ó ṣàṣeyọrí níbi tí kò fọkàn sí, kó sì kùnà níbi tó fọkàn sí.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lọ wà nítòsí wa, ní Dahomey. Òrìṣà, tí wọ́n ń pè ní vodun níbẹ̀, tó wọ Abomey, olú ìlú wọn, kò ṣeé kà tán, òde ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ifá ti ọ̀dọ̀ Yorùbá lọ, ó di Fa. Ògún di Gu. Xevioso, vodun àrá, alára ti Hevié wá. Nígbà tí Tegbesu gorí ìtẹ́ ní 1740 lẹ́yìn ìjà oyè, ìtẹ́ náà kò dúró dáadáa lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin tó di kpojito, ìyẹn ìyá ọba, ni Hwanjile, ọmọ ilẹ̀ Aja. Òun ni ìtàn sọ pé ó gbé Mawu àti Lisa wá sí Abomey, tó sì fi tọkọtaya yìí ṣe olórí gbogbo vodun yòókù. Ẹ rò ó wò: lókè ọ̀run, obìnrin kan àti ọkùnrin kan ń jọba pọ̀, nísàlẹ̀, ọba àti kpojito rẹ̀. Àwọn vodun àtijọ́ kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Wọ́n kàn bá ọ̀gá lókè orí wọn lójijì.

Sakpata, tó ni ilẹ̀ àti ìgbóná, kò gba irú ètò yẹn bọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n ń kí ní onílẹ̀ àti ọba tó pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀ kò lè gbé ìlú kan náà ní ìrọ̀rùn, wọ́n sì lé àwọn àwòrò Sakpata jáde kúrò ní Abomey ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní tèmi, irú òrìṣà tí kò gba ìtò yìí ló ń sọ ìwé di ohun tí èèyàn ò lè gbé sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan sínú tiyín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ ìtàn ìpàdé náà ní ẹ̀ẹ̀mejì

Lẹ́yìn tí ìpàdé ti ṣẹlẹ̀, ìtàn tó ń ṣàlàyé rẹ̀ á jáde, ẹnu méjì ó kéré tán ni yóò sì ti jáde. Ilé-Ifẹ̀ fún wa ní èyí tó gbajúmọ̀ jù. Ọbàtálá ni Olódùmarè rán wá dá ilé ayé. Ó mu ẹmu lọ́nà, ó sùn lọ. Odùduwà gba àpò iyanrìn àti àkùkọ, ó ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn ló ń ka èyí sí ìrántí àkókò tí ìran kan gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá borí ló máa ń sọ pé onílé sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí àwọn tó pàdánù mú dání. Títí dòní, ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ọbàtálá. Wọn kò fi ẹ̀sùn náà pamọ́; wọ́n sọ ọ́ di ìlànà mímọ́ tiwọn, òrìṣà wọn sì wà ní ipò ẹni tó ń mọ orí ọmọ nínú ìyá. Èèwọ̀ ni ẹ fi máa ń tọ́jú ìtàn àtijọ́ sínú ayé yín. Òǹkàwé á rí ìlànà kan tí kò ní ìdí, á sì ṣe kàyéfì.

Ọjọ́ ọjà tún dára fún èyí. Lára ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin wa, ọjọ́ Ṣàngó ń jẹ́ Ọjọ́ Jàkúta. Òrìṣà tó ń sọ òkúta ni Jàkúta. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ó ti wà kí Aláàfin tó ń jẹ́ Ṣàngó tó di òrìṣà, tó sì gba àrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣàngó ló gba oyè, Jàkúta ló gba ọjọ́.

Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n sọ pé àlejò ò jẹ́ àlejò rí. Ifá mọ èyí ṣe dáadáa. Nínú Òtúrá Méjì, ẹsẹ̀ wà tó ń sọ̀rọ̀ Ìmàle, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó lè wọ ayé tí Ifá kò ti mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ìran tí ẹ dá bá ní babaláwo tàbí akéwì tó ń pa ìtàn mọ́ sórí, ẹ jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ kún un ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ní etí odò, àwọn Ẹ̀bútè ń sọ pé ọmọ Ìyá Ọ̀gbun ni Aláàrò, ó sá kúrò nílé nítorí orí kunkun, ó wá padà wálé wá wẹ̀. Àwọn Òkìtì ní irọ́ ni: ọkọ rẹ̀ ni, ó fi ìwọ̀ ẹgbẹ̀rún san owó orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ, àwọn alágbẹ̀dẹ ni yóò máa dọ̀bálẹ̀ fún àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ní ọjọ́ ọdún. Bó bá jẹ́ ọkọ, àwọn obìnrin ni yóò máa kúnlẹ̀. Ẹ má yanjú rẹ̀. Ní ọdọọdún, kí wọ́n jà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí wọ́n bá kúrò nílé

Bí ìtàn yín bá ní ìṣíkiri, nǹkan mẹ́ta ló máa yí padà. Àkọ́kọ́, ibi. Odò Ògùn ni Yemọja ní ilé. Odò náà kò bá àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ní Kúbà àti Bràsíìlì, òkun ló di tirẹ̀, ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì sì ni àwọn apẹja àti ọ̀pọ̀ èrò ń gbé òdòdó àti lọ́fínńdà lọ bá a ní Rio Vermelho ní Salvador.

Èkejì, òrùlé. Ará Òṣogbo, ará Ọ̀yọ́, ará Kétu, ará Ẹ̀gbá bá ara wọn lábẹ́ òrùlé kan. Òrìṣà tí ìlú kálukú ń dá bọ wá di ará ilé kan náà, wọ́n nílò ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ kí àti ẹni tí wọ́n máa kí gbẹ̀yìn. Àtẹ tí mo ní kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìyí, ìpọ́njú ló tò ó.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá kù. Ifá fẹsẹ̀ múlẹ̀ gan-an ní Kúbà, nítorí pé ìlà àwọn babaláwo kò já. Ní Bahia, ìlà náà rọ, owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún tí àwọn ìyálórìṣà fi ń dífá ló gba ipò rẹ̀. Egúngún fìdí kalẹ̀ ní erékùṣù Itaparica. Ẹ ka àwọn àwòrò tó yè nínú ìtàn yín. Àwọn òrìṣà tó kù nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹni tó kọ̀

Àdàpọ̀ tí kò ní ọ̀tá kì í ṣe ojúlówó. Ní Jàpáánì, àwọn kami, òrìṣà ìbílẹ̀ wọn, àti Buddha ti gbé pọ̀ ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí ìjọba Meiji tó pàṣẹ ní 1868 pé kí wọ́n ya wọ́n. Wọ́n fọ́ ọ̀pọ̀ ère, wọ́n gba oyè bodhisattva, oyè ẹni mímọ́ nínú ẹ̀sìn Buddha, lọ́wọ́ kami tó ń jẹ́ Hachiman. Síbẹ̀, àwọn Òrìṣà Oríire Méje ṣì wà ní gbogbo ìlú, tí Ebisu nìkan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Jàpáánì. Íńdíà àti Ṣáínà làwọn yòókù ti wá.

Ó lè wá láti ìsàlẹ̀ náà. Ní 1983, Mãe Stella, ìyálórìṣà ilé òrìṣà Ilê Axé Opô Afonjá, àti àwọn ìyálórìṣà ńlá mìíràn ní Salvador fọwọ́ sí ìwé kan tó ní kí wọ́n yọ ẹni mímọ́ kúrò lára òrìṣà: Iansã kì í ṣe Barbara. Ìbòjú ti ṣe iṣẹ́ tó ṣe nígbà ẹrú, ó tó kí a ká a kúrò. Àwọn kan gbọ́. Àwọn mìíràn ṣì ń lọ sí ibi méjèèjì, wọn ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ fún ẹgbẹ́ méjèèjì ní ẹ̀tọ́ nínú ìwé yín, torí èmi gan-an kò lè sọ pé ẹni kan nínú wọn ṣìnà.

Ní tiwa, alágbẹ̀dẹ àgbà kan wà nínú àwọn Òkìtì tó kọ̀ láti ti irin bọ omi odò. Epo ló ń lò. Irin tó bá ti inú epo jáde kì í tètè ṣẹ́, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé idà wọn lọ bá a ní ìkọ̀kọ̀. Ìwà agídí rẹ̀ di ìmọ̀ iṣẹ́ tuntun, ìmọ̀ iṣẹ́ tuntun sì fẹ́ di ìjọ tuntun.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ kó o sí ẹnu àwọn èèyàn

Ẹ má kọ orí kan tó ń ṣàlàyé òrìṣà. Ẹ fi í sínú ìbúra, orúkọ ọmọ, èébú àti ẹjọ́. Ní Bath, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Róòmù so Minerva wọn mọ́ Sulis tó ni ìsun omi gbígbóná ibẹ̀. Bí a ṣe mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń bá a lò ni àwọn pẹlẹbẹ òjé tí wọ́n sọ sínú omi: ẹnì kan jí agbádá mi, ẹnì kan jí owó mi, Sulis Minerva, má jẹ́ kó sùn. Orúkọ méjì, ẹ̀dùn kan.

Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ń ṣe iṣẹ́ náà láì pariwo. Ẹni tó ń jẹ́ Ògúnṣọlá lè jẹ́ álùfáà ìjọ. Ẹni tó ń jẹ́ Fálànà lè ti lọ sí Mẹ́kà. Nínú ìdílé míràn, ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Ifá-ohun-kan, àbúrò ti yí tirẹ̀ sí Olú-ohun-kan. Bí ẹ bá fi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, ẹ ti sọ ogójì ọdún ìtàn ẹ̀sìn láì kọ ìpínrọ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó fẹ́ lo àwọn òrìṣà tiwa gan-an: wọ́n ní ọmọ láàyè, ní Òṣogbo, ní Havana, ní Salvador, ní New York. Bí ẹ bá yí orúkọ Ọ̀ṣun padà tí ẹ fi idẹ, oyin àti odò sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kò sí ẹni tí ẹ tàn. Ó sàn kí ẹ pè é lórúkọ, kí ẹ sì bi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè.

Ìran àkọ́kọ́ tí màá kọ nínú ayé kékeré wa: obìnrin kan láti Ẹ̀bútè ń ná àáké lọ́wọ́ ọmọ Òkìtì. Ó ní òun ò ní san ju owó ẹyọ mẹ́wàá lọ. Ọmọkùnrin náà ní òun fi Aláàrò búra, iye tí òun rà á nìyẹn. Obìnrin náà bomi lé àáké náà lórí, ó ní, "Ó yá, tún un búra lójú ìyá rẹ̀." Ọmọkùnrin náà ní, "Lójú ìyàwó rẹ̀," ó sì dín owó.